Mọ́tò Tí Ọkọ Mi Ní Ó Ti Jóná

Ọkọ mi kì í yára dá ẹ̀rọ lẹ́bi. Láti ọjọ́ tí mo ti mọ̀ ọ́n ló ti ń tún ẹ̀rọ amúlétutù àti ẹ̀rọ amúlégbóná ṣe, àwọn oníbàárà sì sọ ọ́ ní Bàbá Sùúrù, torí pé ẹni tó bá ń kánjú kò lè fara da iṣẹ́ rẹ̀. Bí afẹ́fẹ́ kò bá jáde, àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kan á ní mọ́tò tó ń yí fáànù ti kú, wọ́n á sì ta tuntun fún onílé. Ọlọ́run ló máa bi wọ́n. Ọkọ tèmi á kọ́kọ́ pa iná, á fi ìka kan yí fáànù wò. Bó bá le, ara mọ́tò lọ̀ràn wà. Bó bá yí wẹ́rẹ́, tó sì jẹ́ pé ó kàn ń kùn nígbà tí iná bá wà, á wo kapásítọ̀, ohun kékeré bí agolo tó máa ń ti mọ́tò kó lè gbéra. Èmi ni mo máa ń di tọ́ọ̀ṣì mú, tí mo máa ń na irinṣẹ́ sí i. Bá a ṣe tọ́ ọmọ mẹ́ta nìyẹn. Ó ní ariwo mi ju ti fáànù tí bẹ́líìtì rẹ̀ ti dẹ̀ lọ.

Ọdún tó kọjá ni nǹkan bẹ̀rẹ̀ sí í yọ́ wọlé. Ó bi mí ní orúkọ àbíkẹ́yìn wa, ó wá ní òun ń fi mí ṣeré ni. Ó jẹun tán, ó tún ń bi mí pé kí la máa jẹ. Mo rẹ́rìn-ín sí gbogbo rẹ̀ níṣojú rẹ̀, mo sì sunkún nínú balùwẹ̀. Ohun kan ló ń tù mí nínú: kò tíì gbàgbé iṣẹ́. Mo sọ fún ara mi pé bí iṣẹ́ bá ṣì wà níbẹ̀, ọkọ mi ṣì wà níbẹ̀.

Nígbà òtútù, wọ́n pè wá sí ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó. Ẹ̀rọ wọn ń gbóná, àmọ́ afẹ́fẹ́ kankan kò jáde. Àwọn arúgbó náà jókòó sí gbọ̀ngàn, wọ́n fi búláńkẹ́ẹ̀tì bora dé ọrùn. Obìnrin alábòójútó ilé náà mú wa lọ sí yàrá tóóró kan lábẹ́ àtẹ̀gùn, ó sì dúró sẹ́nu ọ̀nà, ó káwọ́ gbera.

Ọkọ mi pa iná, ó fi ìka yí fáànù. Ó yí wẹ́rẹ́. Ó tan iná padà; mọ́tò náà ń kùn, kò gbéra. Ọkàn mi balẹ̀, torí kò síṣẹ́ tó rọrùn jùyẹn lọ. Mo ti ki ọwọ́ bọ àpò èjìká mi láti mú mítà tó fi ń dán kapásítọ̀ wò, nígbà tó dìde, tó ń nu ọwọ́.

"Mọ́tò yìí ti jóná," ó sọ fún alábòójútó. "Ẹ máa ra tuntun ni."

Ẹyin lohùn, bó bá bọ́, kò ṣeé kó. Mo wo ojú rẹ̀. Ara rẹ̀ balẹ̀, bí ẹni tó ti parí iṣẹ́. Ẹ̀rù bà mí gan-an. Bí mo bá panu mọ́, wọ́n á ra ohun tí wọn kò nílò, àwọn arúgbó yẹn á sì máa gbọ̀n títí tí yóò fi dé. Bí mo bá sọ̀rọ̀, èmi aya rẹ̀ ni mo tú u síhòòhò lójú àlejò. Àmọ́ bí a bá ń sunkún, à á máa ríran. Mo ti àpò náà sẹ́yìn mi.

"Ẹ má bínú, mà," mo sọ fún obìnrin náà. "Ẹ̀bi mi ni. Bàbá wọn kì í sọ̀rọ̀ láìlo mítà, èmi ni mo gbàgbé ẹ̀ sínú ọkọ̀. Ẹ jẹ́ n sáré lọ mú un wá."

Ó mí kanlẹ̀. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tètè. Òtútù ti fẹ́ẹ̀ pa àwọn èèyàn yìí."

Mo jáde, mo dúró lẹ́yìn ògiri pẹ̀lú mítà nínú àpò. Àánú ọkọ mi ṣe mí, inú sì bí mi sí àìsàn tí mi ò lè rí mú kí n fọ́ ọ létí. Mo nu ojú mi, mo padà wọlé, mo fi mítà lé e lọ́wọ́.

"Bàbá wọn, ẹ bá mi wo kapásítọ̀ yẹn."

Ó wo mítà, ó wò mí. Lẹ́yìn náà ó pa iná, ó fa agbára tó kù nínú kapásítọ̀ jáde, ó wọ̀n ọ́n. Ó ti kú. Irú rẹ̀ wà nínú àpótí wa. Ó de tuntun náà mọ́lẹ̀, ó tan iná, fáànù gbéra, atẹ́gùn gbígbóná bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè, a sì gbọ́ tí ẹnì kan pàtẹ́wọ́ ní gbọ̀ngàn. Alábòójútó dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó wá kìlọ̀ fún mi pé kí n má gbàgbé irinṣẹ́ mọ́. Mo ní mo ti gbọ́.

A wọ ọkọ̀. Ọkọ mi kò tan án.

"Àpò yẹn ò kúrò léjìká ẹ látàárọ̀," ó ní. "Inú ẹ̀ ni mítà wà."

Mo ní kò sí bẹ́ẹ̀.

"Ìyàwó mi, jẹ́ ká fi irọ́ yìí sílẹ̀. Ó ti pẹ́ tí mo ti mọ̀ pé nǹkan ń ṣe mí. Tí mo bá ti ṣi ọ̀rọ̀ sọ, ojú ẹ ni mo máa ń wò. Tó o bá rẹ́rìn-ín, màá ní a dúpẹ́, kò tíì fura."

Mo bọ́ àpò náà kúrò léjìká, mo gbé e lé itan. Ó yọ kọ́kọ́rọ́, ó nà án sí mi.

"Ìwọ ni kó o wà á," ó ní. "Mi ò rántí ọ̀nà ilé."