Ife Rọ́bà Tí Nọ́ọ̀sì Fún Mi

Gbogbo ilé ló máa ń mọ̀ bí nǹkan oṣù mi bá dé, nítorí mi ò ní sí lórí ìlà nígbà ìrun. Bàbá mi á bojú wẹ̀yìn, á rí i pé ààyè mi ṣófo, á sì kọjú síwájú. Nínú yàrá, màá dùbúlẹ̀, màá dìde, màá jókòó, màá tún dìde. Inú á máa lọ́ mi bí ẹni ń fún aṣọ. Ìyá mi á fi aṣọ wé ìgò omi gbígbóná kí n gbé e lé abẹ́ ìdodo, á sì se ata ilẹ̀ fún mi mu. Á rọlẹ̀ díẹ̀, á tún bẹ̀rẹ̀.

Ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún ni mí nígbà náà. Àwọn òbí mi wá láti agbègbè Ọ̀yọ́, aṣọ ni wọ́n ń tà ní Okere, ní ìlú Warri. Iṣẹ́ epo rọ̀bì ti gba gbogbo ìlú: ọkọ̀ tó ń kó páìpù kún títì, ẹni tó bá sì lè tẹ táípúráítà kì í pẹ́ ríṣẹ́. Èmi náà ríṣẹ́ ní ọ́fíìsì kan tó ń bá àwọn elépo gbẹ́ kànga epo. Ìṣòro mi ni àga. Àkísà tí mo fi píìnì kọ́ mọ́ pátá kì í dúró síbi tí mo bá fi í sí. Kí ìdajì wákàtí tó pé, mo ti dìde lọ wo ara mi. Ọ̀gá mi, ọmọ Urhobo, á wò mí lókè gíláàsì ojú rẹ̀: "You no fit siddon one place?"

Òjò tún ń dá kún un. A kò lè sá àkísà síbi tí ojú ayé á ti rí i. Abẹ́ ìró ìyá mi lórí okùn la máa ń fi í pamọ́ sí. Títutù ni màá tún ká a wọ̀.

Lọ́jọ́ kan àlejò méjì wọlé, mo dìde kí wọn, mo sì rí i tí wọ́n gbójú kúrò lára mi. Síkẹ́ẹ̀tì mi ti bàjẹ́. Mo fi fáìlì bo ìdí, mo sá lọ sí yàrá nọ́ọ̀sì ilé-iṣẹ́ wa, ìyá àgbàlagbà kan, ará Ìjẹ̀bú, tó kọ́ṣẹ́ ní Ìlú Òyìnbó. Ó fún mi ní oògùn àti ìró tí màá wọ̀ délé. Lẹ́yìn náà ló yọ páálí kékeré kan nínú dúrọ́ọ̀.

"Ọ̀rẹ́ mi kan ló fi ránṣẹ́ láti òkè òkun," ó ní. "Kò mọ̀ pé tèmi ti dúró."

Ife rọ́bà ni, kò ju ẹyin adìẹ lọ, ó ní ìrù tín-ín-rín nídìí. Nọ́ọ̀sì ní ojú ara ni wọ́n ń fi í sí kí ẹ̀jẹ̀ máa dà sínú rẹ̀.

"Mà, mi ò tíì mọ ọkùnrin."

"Mo gbọ́. Bó bá ń dùn ọ́, má fipá sí i. Fọwọ́, sè é nínú omi, ká a kó kéré. Tó o bá fẹ́ yọ ọ́, má kàn fa ìrù rẹ̀. Fún ìdí rẹ̀ kí atẹ́gùn wọlé."

Ọ̀rọ̀ ìkẹyìn yẹn ni kò dúró sí mi lórí.

Nígbà tí oṣù yí, mo sè é nínú agolo mílíìkì. Lẹ́ẹ̀mẹta ló fò kúrò lọ́wọ́ mi nílé ìwẹ̀. Ẹ̀ẹ̀kẹrin ló wọlé. Lẹ́nu iṣẹ́ lọ́jọ́ náà, nǹkan kan kò kán, síbẹ̀ ọkàn mi kò balẹ̀. Mo ń dìde bí mo ṣe ń dìde tẹ́lẹ̀. Nígbà tí mo ń lọ sílé, àdúgbò Ekurede-Urhobo ni mo gbà kí ọ̀nà lè jìn, kí n fi dán ife náà wò, mo ń wẹ̀yìn wo síkẹ́ẹ̀tì mi bí ẹni tí wọ́n ń lé. Ó gbẹ. Inú nìkan ló ṣì ń run mi.

Mo délé, mo fẹ́ yọ ọ́. Mo fa ìrù rẹ̀, kò wá. Mo tún fà á, ó dùn mí dọ́kàn. Òógùn bò mí. Mo ti ń rò ó bí wọ́n ṣe máa sọ fún bàbá mi pé wọ́n fẹ́ fi ọ̀bẹ yọ rọ́bà lára ọmọ rẹ̀.

Ìyá mi gbá ilẹ̀kùn páànù ilé ìwẹ̀. "Kí lò ń ṣe níbẹ̀ látìgbà tó o ti dé?"

"Mama, e no gree comot!"

Ó wọlé. Mo sọ gbogbo rẹ̀, mo sì ń retí ìgbájú. Ó ti ilẹ̀kùn lẹ́yìn rẹ̀.

"Lóṣòó. Má fà á mọ́. Ọmọ mẹ́fà ni mo bí, kò sí èyí tí mo fọwọ́ fà. Gìn."

Mo gìn. Ó sọ̀ kalẹ̀, ọwọ́ mi tó ìdí rẹ̀, mo fún un, ó sì jáde. Ìgbà yẹn gan-an ni ìbínú ìyá mi tó dé.

"Irú nọ́ọ̀sì wo nìyẹn? Ṣé ó fẹ́ ba ìbálé ọmọ mi jẹ́ ni?"

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, kò ṣí ṣọ́ọ̀bù. Ó bá mi lọ sí ọ́fíìsì, ó ju páálí náà sórí tábìlì nọ́ọ̀sì, kò sì jókòó. "Ẹ wá ṣàlàyé èyí fún mi."

Nọ́ọ̀sì kò gbóhùn sókè. "Ìyá wa, ọkùnrin ló ń gba ìbálé. Rọ́bà kì í gbà á."

Ìyá mi kọjú sí mi. Ó ní kí n jáde. Mo jáde, ṣùgbọ́n ẹ̀yìn ilẹ̀kùn ni mo dúró sí. Ohùn tí mi ò gbọ́ lẹ́nu rẹ̀ rí ni mo gbọ́.

"Ṣé ẹ ní òmíràn? Ọjọ́ mẹ́wàá ni tèmi fi ń dà. Àpò ni mo máa ń ká sórí àga ní ṣọ́ọ̀bù. Ó ti lé lọ́dún méjì."

Mo fara ti ògiri. Mo rántí pé ìyá mi kì í dìde lórí àga ní ṣọ́ọ̀bù títí oníbàárà á fi lọ. Ìgbéraga ni mo máa ń pè é.

"Kò sí òmíràn," nọ́ọ̀sì dá a lóhùn. "Bó bá sì wà, mi ò ní fún yín. Èyí tẹ́ ẹ sọ yìí, dókítà ló ni ín."

Ní ọsibítù, àwọn dókítà rí kókó nínú ilé ọmọ ìyá mi, wọ́n sì ṣe iṣẹ́ abẹ fún un. Ó sọ fún àwọn aládùúgbò pé òun ń lọ kí àwọn ará ilé ní Ọ̀yọ́. Ó rù nígbà tó dé, ṣùgbọ́n kò pẹ́ tó fi padà sẹ́nu ọjà. Kò tún bá mi jà lórí ife náà mọ́. Nígbà mìíràn, òun ló máa ń sè é fún mi.

Mo lò ó fún bí ọdún mẹ́rin kó tó sán. Mo wá irú rẹ̀ káàkiri àwọn ilé oògùn Warri, wọ́n ń wò mí bí ẹni tí orí rẹ̀ kò pé, mo bá bẹ̀rẹ̀ sí í lo òwú. Ní ti inú rírun, ó bá mi gbé títí mo fi bí àkọ́bí mi.