Ọmọ Tó Mọ Ìkúnlẹ̀

Òórùn ẹja yíyan ló fẹ́ wá láti etí ọ̀sà Bàrígà láàárọ̀ yìí, ó sì bà mí nínú jẹ́. Mo ń di irun Tómi, ọmọ ọmọ mi, lọ́wọ́, ó ní òun ò lọ sílé ìwé mọ́. "Màmá, wọ́n ti yọ mí kúrò ní gúrúpù. Wọ́n ní ẹni tó bá bá mi sọ̀rọ̀, àwọn á yọ òun náà." Àṣé ọ̀rọ̀ yìí ò tíì tán nílẹ̀!

Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí, ìka la fi ń yan odì nígbà tiwa. Ẹ ó fi ìka tó kéré jù kọ́ ara yín, ẹ ó já a, ẹ ò ní í kí ara yín mọ́. Odì ọ̀hún kì í pẹ́. Bí ẹnì kan bá ti ra gúgúrú, ó tán nìyẹn.

Àmọ́ Bísí, ọmọ kíláàsì wa, kì í bá èèyàn jà. Yóò fà ọ́ sí kọ̀rọ̀: "Má sọ pé èmi ni mo sọ ọ́ o. Ẹ̀bùn ní ìyá ẹ kì í wẹ̀." Ọ̀rẹ́ mi ni Ẹ̀bùn, ọmọ Ìlàjẹ tí ìyá rẹ̀ ń yan ẹja tà. Ẹ̀bùn ò sọ ohun tó jọ bẹ́ẹ̀ rí. Kí ilẹ̀ tó ṣú, gbogbo kíláàsì ti na ìka sí i, àfi èmi.

Nígbà tọ́rọ̀ dé iwájú tíṣà wa, Bísí kúnlẹ̀, ó dorí kodò, ó ń sunkún. Ẹ̀bùn wo tíṣà lójú. Ìyá rẹ̀ ti kọ́ ọ pé olè ló ń wolẹ̀.

"Irọ́ ni, mà."

"Èmi lò ń wò lójú? Aláfojúdi!"

Mo fẹ́ sọ̀rọ̀, wọ́n ní kí n jókòó. Wọ́n ní kí Ẹ̀bùn lọ kúnlẹ̀ sínú oòrùn. Bísí sì gbé báàgì tíṣà tẹ̀ lé wọn. Ẹ̀bùn ò padà wá sílé ìwé mọ́; ìdí ààrò ẹja ni mo ti ń rí i. Orí ọmọ yẹn pé jù mí lọ! Ó ń dùn mí dòní.

Mo wé gèlè, mo fa Tómi lọ́wọ́ lọ sílé ìwé rẹ̀ ní Fọlá Àgọ́rọ̀. Wọ́n ti kun ibẹ̀, ó ń dán. Mo dárúkọ ọmọ tó ń darí gúrúpù náà fún tíṣà Tómi. Ó rẹ́rìn-ín.

"Ha, Màmá, ọmọ yẹn kẹ̀? Ẹ ò rí bó ṣe máa ń kúnlẹ̀ kí wa ni?"

"Ìkúnlẹ̀ kọ́ ni mo bá wá, ìwà ni."

Tíṣà kọjú sí Tómi: "Ìwọ, kí lo ń wò mí lójú sí?"

Ìka ti di fóònù, òótọ́ ni, ṣùgbọ́n orúnkún ṣì ni wọ́n ń gbà gbọ́ ju ẹnu lọ. Tómi fẹ́ wolẹ̀. Mo di àgbọ̀n rẹ̀ mú, mi ò jẹ́ kó wolẹ̀.