Iná Tí Tísà Adépọ̀jù Fi Kọrin

Aago mọ́kànlá òwúrọ̀ ọjọ́ ìkórè ni Tísà Adépọ̀jù kó gbogbo ìjọ wọn tó wà ní àdúgbò Adéwọlé sínú òkùnkùn. Ó ti fi aṣọ dí fèrèsé, ó so gílóòbù mẹ́rìnlélógún mọ́ àjà, ó sì fi wọ́n sábẹ́ àṣẹ kọ̀ǹpútà tí ohùn máìkì ń gbà kọjá. Bí akọrin bá gbóhùn sókè, iná á mọ́lẹ̀. Bí wọ́n bá rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀, á rọlẹ̀. Ó ń lọ geere títí àlùfáà fi ní kí ìjọ dákẹ́ fún ìṣẹ́jú kan nítorí àwọn tó ti kú. Wọ́n dákẹ́, iná kú. Ẹnì kan figbe ta sínú máìkì, iná sì ràn pupa yòò. Ìjọ rò pé ilé ń jó, wọ́n ń tẹ iṣu ìkórè mọ́lẹ̀ sáré jáde.

"Tísà, kí lẹ ṣe fún wa yìí?" ni Alàgbà Olúfẹ́mi, olórí ìgbìmọ̀, bi í.

"Ẹ̀yin lẹ ní ká dákẹ́. Kọ̀ǹpútà nìkan ló gbọ́ràn."

Ìyàwó Tísà, Ìyábọ̀dé, kò gbọ́ ìkankan nínú rẹ̀. Àìsàn ti gba etí rẹ̀ láti ọdún mẹ́ta, òun tó ti ń kọrin ní ṣọ́ọ̀ṣì láti ìgbà tó ti wà ní Ọ̀mù-Àrán. Nítorí rẹ̀ ni gbogbo wàhálà gílóòbù náà: ọkọ rẹ̀ fẹ́ kó tún rí orin gbà, ì báà jẹ́ ojú ló máa fi gbọ́ ọ.

Kó tó gbé e dé ṣọ́ọ̀ṣì, ti àkọ́kọ́ tó ṣe nílé, máìkì ló fi ń gba ohùn orin tí kọ̀ǹpútà ń kọ. Ìyábọ̀dé, màmá Ìtùnú, jókòó sí pálọ̀, ó ń wo iná, ó ń mi orí, ó ń pàtẹ́wọ́. Bilkisu aládùúgbò ló yà wọlé.

"Tísà, ẹ má bínú, orin yín ti parí tipẹ́. Jẹnẹrétọ̀ mi ni Màmá Ìtùnú ń jó sí."

Tísà kò rẹ́rìn-ín. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló fi wá ọ̀nà tí iná á fi máa gba ohùn láti inú kọ̀ǹpútà gan-an, kí ariwo ìta má bàa dá sí i. Habibullah tó ń ta gílóòbù ní Tanke ní kó má da ara rẹ̀ láàmú, pé ta ni yóò mọ ìyàtọ̀.

"Ìyàwó mi," ni Tísà dáhùn.

Lẹ́yìn ìkórè, ìgbìmọ̀ ní kó tú gbogbo rẹ̀ kúrò, pé ohun ilé ijó ni. Tísà tí kì í bẹ ẹnikẹ́ni bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n fi ẹyọ kan sílẹ̀ lókè ìjókòó ìyàwó òun. Wọ́n kọ̀. Láti ọjọ́ náà, bí àlejò ni Ìyábọ̀dé ń jókòó sí ṣọ́ọ̀ṣì, ó sì dùn ún wọ egungun.

Oṣù kẹta ọdún yìí ni Tísà kú. Níbi ìsìnkú, Ìtùnú ọmọ wọn kọ ohun tí Alàgbà ń sọ sínú ìwé fún ìyá rẹ̀: pé olóògbé fẹ́ràn iná, ìgbìmọ̀ sì ti háyà iná aláràbarà láti yẹ́ ẹ sí. Ìyábọ̀dé ka ìwé náà, inú rẹ̀ korò. Ó gbójú sókè. Ẹnu akọrin padé, iná ń tàn yòò. Wọ́n lanu gbàgà, iná ń tòògbé. Ó mọ̀ pé bí Tísà bá lè dìde nínú pósí, àkàbà tí yóò fi gòkè lọ tún un ṣe ni yóò kọ́kọ́ bèèrè. Ẹ̀rín gbé e, omijé sì tẹ̀lé e.

"Ẹ pa iná yìí," ló wí, kò sì mọ bí ohùn òun ti lọ sókè tó. "Kò bá orin mu. Ọkọ mi ò jẹ́ ṣe báyìí fún mi."

Alàgbà Olúfẹ́mi fúnra rẹ̀ ló lọ pa á. Ìyábọ̀dé wá tẹjú mọ́ ẹnu akọrin, ó bẹ̀rẹ̀ sí í bá wọn kọrin ìdágbére fún ọkọ rẹ̀. Ohùn rẹ̀ kò bá tiwọn mu rárá, wọ́n sì rẹ tiwọn sílẹ̀ fún un.