Pèrègún Kẹta

Pèrègún mẹ́rin ni bàbá mi gbìn sí ààlà oko kòkó rẹ̀ lẹ́yìn ìlú Atosin, lábẹ́ àpáta, ó sì bo ìgò kan mọ́lẹ̀ lábẹ́ ìkọ̀ọ̀kan. Iná ọ̀gbẹlẹ̀ jó ẹ̀kẹta ráúráú. Bàbá nìkan ló ṣì mọ ojú ibẹ̀, ojú rẹ̀ sì ń ṣú lọ. A kì í hú ìgò ààlà lẹ́yìn ẹni tí a jọ pààlà, bẹ́ẹ̀ Èkó ni ọmọ àbúrò rẹ̀ tí wọ́n jọ pààlà wà. Bàbá ní kí n fi ẹ̀rọ mi kọ ibẹ̀ sílẹ̀, kí àwa ọmọ má baà jà lẹ́yìn òun.

Iṣẹ́ mi ni kí n máa kọ ìlànà sínú kọ̀ǹpútà, kí ó lè gbọ́ ìró sátẹ́láìtì, kí ó sì sọ ibi tí ènìyàn dúró sí. Mo gbé eríàlì àti lápútọ́ọ̀pù, mo ń ṣe fáàrí lọ.

Bàbá dúró sí ojú pèrègún kẹta, ó di eríàlì mú. Àpáta bo ìlàjì ojú ọ̀run. Sátẹ́láìtì mẹ́ta péré ni mo rí nínú ti Amẹ́ríkà; mẹ́rin ló kéré jù tí ẹ̀rọ fi lè mọ ibi kan. Mo fi mẹ́ta ti Yúróòpù kún un.

“Ẹ má mira, Bàbá.”

“Ọjọ́ tí mi ò ní mira mọ́ ń bọ̀. Níbo ló ní mo wà?”

“Orí àpáta ni, Bàbá.”

Ó fi ọ̀pá kan ilẹ̀. “Ẹnjiníà, ṣé ewúrẹ́ ni mí?”

Mo ti da mẹ́fẹ̀ẹ̀fà pọ̀ bí ẹni pé aago kan náà ni wọ́n ń wò. Ìyàtọ̀ aago sátẹ́láìtì Amẹ́ríkà àti ti Yúróòpù kò tó ìṣẹ́jú ojú, ṣùgbọ́n ìró wọn ń sáré bí ìmọ́lẹ̀. Ìwọ̀nba yẹn ti tó gbé bàbá gun àpáta. Agogo ṣọ́ọ̀ṣì Bàbá àti ti Aládùúrà ìyá mi kò lù pọ̀ rí, àárín méjèèjì ni wọ́n sì ti tọ́ mi. Ó yẹ kí n mọ̀.

Mo jókòó, mo tún ìlànà náà kọ, kí kọ̀ǹpútà kọ́kọ́ wá ìyàtọ̀ aago wọn. Bàbá kọ̀, kò jókòó. Ó ní bí òun bá gbé ẹsẹ̀ pẹ́nrẹ́n, òun lè má rí ibẹ̀ mọ́. Oòrùn ń pa á. Nígbà tó yá, àmì tó wà lójú kọ̀ǹpútà sọ̀ kalẹ̀ láti orí àpáta wá sí ẹsẹ̀ rẹ̀.

Nígbà tí ọmọ àbúrò rẹ̀ fi máa wálé, ojú Bàbá ti fọ́ pátápátá. Èmi àti ọmọ àbúrò rẹ̀ yìí, tó jẹ́ ẹ̀gbọ́n fún mi, tẹ̀ lé ẹ̀rọ, a gbẹ́ ilẹ̀, a ò rí nǹkan kan. Ìgbésẹ̀ méjì sí ibẹ̀ la ti kan ìgò. A gbin pèrègún mìíràn lé e lórí.

Mo sọ fún Bàbá pé ẹ̀rọ mi fi ìgbésẹ̀ méjì yẹ̀.

“Má dá ẹ̀rọ lẹ́bi,” ó ní. “Ẹsẹ̀ ń ro mí lọ́jọ́ náà. Mo sún.”