Ínṣì Kan Tó Kù sí Apá Bàbá

Gbogbo àdúgbò ló mọ̀ nípa ọjọ́ tí Bàbá Ínṣì, télọ̀ wa tó ti di olóògbé, pa ọ̀gá ilé-ìwé tì síbi tó na apá méjèèjì sí, tí pínnì wà káàkiri ara rẹ̀. Jórinjórin ló ń kọjá pẹ̀lú géètì irin léjìká, ni Bàbá bá fa teépù yọ lọ́rùn, ó sáré bọ́ sí títì.

"Dúró ńbẹ̀! Jẹ́ kí n wọn apá yẹn."

"Ẹ jọ̀ọ́ Bàbá, irin wà léjìká mi."

"Ìyẹn gan-an ni mo fẹ́. Iṣan ò ní lè sá pa mọ́."

Apá náà jẹ́ ínṣì mẹ́rìndínlógún. Àwọn tó ń wòran hó yèè. Bàbá ò rẹ́rìn-ín. Ó fi teépù yí ọrùn ọkùnrin náà ká, ó bá méjìdínlógún níbẹ̀, ojú rẹ̀ sì tàn.

"Ẹ rí i? Apá tí kò bá ọrùn dọ́gba, ẹran lásán ni. Tèmi jẹ́ mẹ́tàlá, ọrùn mi jẹ́ mẹ́rìnlá. Ẹyọ kan péré ló kù! Ta ló wá lápá nínú àwa méjèèjì?"

"Bàbá, apá tèmi ti ń kú o!" Ọ̀gá ilé-ìwé ló ń pariwo látinú ṣọ́ọ̀bù.

"Ẹ má tíì sọ̀ ọ́ kalẹ̀, sà! Àǹfààní iṣan yín ni."

Ínṣì kan yẹn ló gbà á lọ́kàn títí ayé rẹ̀. Láràárọ̀, kó tó fẹsẹ̀ kan máṣíìnì, á gbé áyọ́ọ̀nù eléèédú nígbà ogún lápá kọ̀ọ̀kan, á fi ṣọ́ọ̀kì kọ ìwọ̀n rẹ̀ sára tábìlì. Mẹ́tàlá lánàá, mẹ́tàlá lónìí. Ó ra teépù mìíràn. Àbúrò ìyàwó rẹ̀ wá gbà á nímọ̀ràn pé bí apá ò bá fẹ́ gòkè, kí ọrùn sọ̀ kalẹ̀. Ni Bàbá bá gbààwẹ̀ ọjọ́ méje. Ọrùn dín, apá náà bá a dín, ínṣì kan yẹn ò kúrò níbi tó wà.

Síbẹ̀, ó ní ẹ̀rí pé apá òun ń tóbi. "Ẹ wo bí apá ẹ̀wù mi ṣe há!" Òótọ́ ni, ọdọọdún ló ń há sí i. Télọ̀ tó ń rí ojú rírán tó wọ́ lára ẹni tó wà ní òdìkejì títì kò yẹ tirẹ̀ wò rí.

Nígbà tí àìsàn dá a dùbúlẹ̀, jórinjórin lọ kí i. Ó bá ìyàwó Bàbá ní pálọ̀, abẹ́rẹ́ lọ́wọ́, tó ń rán apá ẹ̀wù ọkọ rẹ̀ wọlé.

"O ò gbọdọ̀ sọ fún wọn o," ìyá náà rọra sọ. "Ó ti tó ọdún mẹ́wàá tí mo ti ń ṣe é. Inú wọn máa ń dùn ni."

Bàbá ké látinú yàrá. "Ṣé jórinjórin nìyẹn? Wá wọ̀n mí!"

Apá jẹ́ mẹ́sàn-án, ọrùn jẹ́ méjìlá. Jórinjórin wo ìyàwó tó dúró lẹ́nu ọ̀nà.

"Wọ́n dọ́gba, Bàbá. Mẹ́rìnlá, mẹ́rìnlá."

Bàbá ní kí jórinjórin na apá, kí òun náà wọn tirẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ ò lè di teépù mú mọ́, jórinjórin ló bá a dì í mú.

"Mẹ́rìndínlógún ṣì ni," ó ní jẹ́jẹ́. "Má jẹ́ kó dùn ẹ́, ọmọ mi. Ọrùn yẹn ló ń bá ẹ jà."

Ọjọ́ kẹta ló kú, nínú ẹ̀wù tó há lápá. Títí dòní, bí jórinjórin bá ń kọjá níwájú ṣọ́ọ̀bù náà, á fọwọ́ pa ọrùn rẹ̀, á rẹ́rìn-ín, omi á sì lé ròrò sójú rẹ̀. Àárò Bàbá ń sọ gbogbo wa.