Eruku Ara Ẹ̀rọ Géèmù Tòkunbọ̀

Ẹnu Alfa Ráṣídì, ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́ ní Pọtakọ́tù, ni mo ti kọ́kọ́ gbọ́ ìtàn yìí. Ó ní bàbá òun ń ta kẹ̀kẹ́ tòkunbọ̀ nílé, ní Ògbómọ̀ṣọ́. Lọ́jọ́ kan, bàbá fi ọṣẹ fọ kẹ̀kẹ́ kan títí ó fi ń dán. Oníbàárà dé, ó wò ó lọ, ó wò ó bọ̀, ó ní, "Bàbá, òkú ta lẹ wẹ̀ báyìí?" Ó bá tirẹ̀ lọ.

Ìdí nìyẹn tí Alfa kì í fi í nu ara ẹ̀rọ géèmù tó bá tòkè òkun dé. Eruku ni ẹ̀rí pé ẹnikẹ́ni ò tíì tú u. "Jẹ́ kí oníbàárà fọwọ́ ara rẹ̀ nù ún," bẹ́ẹ̀ ló máa ń wí.

Mo gbọ́, ṣùgbọ́n mi ò gbà. Nígbà tí mo ṣí ṣọ́ọ̀bù tèmi ní Eliozu, ní Pọtakọ́tù níbẹ̀, mo fi kẹrosíìnì nu ẹ̀rọ mẹ́ta, mo tò wọ́n síwájú.

Màmá Ibinabo ló kọ́kọ́ wọlé. Opó ni, ó ní ilé géèmù ní Iwofe, níbi táwọn ọmọ ti ń sanwó ṣeré. Ibẹ̀ ló fi ń bọ́ ilé. Ó ti ra ẹ̀rọ tuntun, kò sì bá a lára mu: kó tó ṣeré, dátà ló ń bèèrè, bí jẹnẹrétọ̀ kékeré rẹ̀ bá sì ṣẹ́jú báyìí, ẹ̀rọ á kú. Àwọn ọmọ ti ń yà sí ọ̀dọ̀ ẹlòmíì. Bí kò bá rí ohun gidi gbé lọ, ó máa ti ilẹ̀kùn pa ni.

Ó gbé ọ̀kan nínú àwọn tó ń dán, ó gbóòórùn rẹ̀.

"Oga Yoruba, who don open this one?"

"Mama, nobody o. Na me clean am."

"Clean am for wetin? Wetin you dey hide?"

Ó ti gbé báàgì rẹ̀. Ojú tì mí. Mo bẹ̀rẹ̀ wo abẹ́ tábìlì, mo fa ìkẹrin jáde. Eruku bò ó bí ẹni tó ń lọ èlùbọ́. Mo ti fi í pamọ́ torí pé ojú tó fi ń ka sídì ti ń ṣú.

"Mama, I no go lie you. This one dey sick. Unless I turn am face down, e no dey read."

"Make I see."

Mo tàn án. Kò kà. Mo dojú rẹ̀ délẹ̀, géèmù bẹ̀rẹ̀ sí í kọrin. Màmá rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀.

"Chai! Na so my husband dey sleep, God rest am!"

Ó fi etí ìró rẹ̀ nu eruku náà, ó gbé e lọ. Lọ́sẹ̀ kejì ó padà wá kó mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tó ń dán. Ó ní ẹni tó lè fi àìsàn ọjà rẹ̀ han òun, kò ní fi ìyókù tan òun.

Ilé géèmù yẹn ṣì wà ní Iwofe. Èmi náà ṣì ń ta tòkunbọ̀, n kì í sì í fi èyí tó ń ṣàìsàn pamọ́ mọ́.

Ẹ̀yin tí ẹ ń gbọ́ mi, àléébù tí ẹ fojú ara yín rí, àti èyí tí wọ́n dì sínú páálí tuntun, èwo lẹ máa gbé lọ sílé?