Ọjọ́ Tí Wọ́n Gbé Ata Màámi Sí Ìta Ṣọ́ọ̀ṣì

Ẹ wo irú ìwọ̀sí tí wọ́n fi lọ màámi! Ọjọ́ ìkórè ṣọ́ọ̀ṣì wa ní Ẹdẹ, mi ò lè gbàgbé ẹ̀ láé.

Nínú gbogbo irè oko tí a kó síwájú pẹpẹ, ata màámi ló tóbi jù. Díákónì kan wá bi wọ́n pé, "Ìyá Tóbi, kí lẹ fi sí i?"

Màámi rẹ́rìn-ín. "Oògùn tí ọmọ mi gbà ní yunifásítì ni, sà."

"Oògùn kẹ̀? Nílé Olúwa?" Bí wọ́n ṣe gbé agbọ̀n ata síta bí ẹbọ nìyẹn. Màámi bú sẹ́kún.

Ni èmi Tóbi, tí mo gba oògùn náà wá, bá fò dìde. "Ẹ̀yin bàbá, èèpo edé ni! Àwọn onímọ̀ ní yunifásítì gbé e sábẹ́ ìtànṣán tó lágbára, bí irú èyí tí dókítà fi ń wo eegun, kó lè fọ́ wẹ́wẹ́, a pò ó mómi, a fín in sára ewé kí ata lè dàgbà dáadáa. Ẹ̀yin náà ń foògùn pa kòkòrò ara kòkó, ta ló gbé kòkó yín síta?"

"Jókòó, aláìlẹ́kọ̀ọ́!" díákónì náà jágbe mọ́ mi.

Mi ò jókòó. Mo jáde, mo gbé agbọ̀n náà padà síwájú pẹpẹ. Wọn ò gbé e síta mọ́, àmọ́ kò sẹ́ni tó fọwọ́ kan ata yẹn títí a fi ṣe gírésì, tí ìsìn parí. Màámi rù ú relé.

Àwọn ará ìjọ ní èmi ni mo ba ìkórè jẹ́. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń kà á, tó bá jẹ́ ìyá yín, ṣé ẹ máa dákẹ́?